Ọmọkùnrin Nínú Ọ̀já Ìyá Rẹ̀: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ilẹ̀ Yewa àti Àwọn Tíọ́rì Ìdàgbàsókè Ìṣakọ-ṣabo

Ìfáárà

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń di ọkùnrin tàbí obìnrin ní ilẹ̀ Yewa kò gbọdọ̀ dúró de òpin ìran náà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ó tètè dé bá. Nígbà tí ijó ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjà, kì í ṣe àwọn àgbà onijó ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde. Àwọn ọmọdé ni. Ọmọkùnrin kékeré tí kò tíì gbọ́ èdè ìlù dáadáa yóò bọ́ sí agbo, aṣọ tí a dì mọ́ ọn lára yóò máa fẹ́ tú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣáájú ìlù tàbí kí ó gbẹ́yìn ìlù. Àwọn ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí ó jù ú lọ yóò máa tẹ̀lé ara wọn bí ọjọ́ orí àti ìmọ̀ ijó wọn bá ti tó, títí yóò fi kan àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í ṣi ìlù. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ń kọ́ láti gbé wọ agbo ni àwòrán obìnrin: orí ère tí a gbẹ́ gèlè tàbí irun dídì sí, ọmú tí a fi igi gbẹ́, ìdí tí a fi aṣọ dì kí ó lè tóbi.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni àwọn tíọ́rì ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí a ń kọ́ ní yunifásítì lè sọ fún wa nípa ọmọ yìí, kí sì ni ọmọ yìí lè sọ fún àwọn tíọ́rì náà? Apá kejì ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì sí wa jù. Ó ti di àṣà láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá pé kí a kọ́kọ́ to tíọ́rì sílẹ̀, kí a wá ṣa àpẹẹrẹ tí ó bá a mu láti inú oríkì, òwe tàbí eré ìbílẹ̀ wa. Tíọ́rì a máa wá bí adájọ́, àṣà wa a sì máa wá bí ẹlẹ́rìí tí a pè láti fìdí ẹjọ́ tí a ti dá múlẹ̀. Nínú ọ̀ràn ìṣakọ-ṣabo, èyí ni ohun tí àwùjọ ń kà sí ìṣe akọ àti ìṣe abo, yàtọ̀ sí ẹ̀yà ara tí a bí mọ́ni, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó rọrùn láti darí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni agbègbè ààlà tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní ọdún 1995: Ìlaròó, Ayétòrò, Ìlọ̀bí àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ní ọdún 1889 gbé Kétu sí òdìkejì, ṣùgbọ́n kò pín Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ kan ń darí wa sí Kétu, òmíràn ń darí wa sí Ìlọ̀bí. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2001, tí ó sì wọ inú ìwé àkójọ wọn ní ọdún 2008, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo ni a jọ kọ síbẹ̀.

Ohun tí àwọn tíọ́rì sọ

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti gbà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni tíọ́rì àwòkọ́ṣe. Walter Mischel kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1966, Albert Bandura sì fẹ̀ ẹ́ lójú sí i. Ní ọdún 1999, Kay Bussey àti Bandura tún un gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí kò parí sí ìgbà èwe. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ a máa wo ẹni tí ó wà láyìíká rẹ̀, a sì máa ṣe bí ẹni náà ti ń ṣe. Bí a bá yìn ín, yóò tún un ṣe. Bí a bá bá a wí, yóò fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá jọ ọ́, tí wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ abo, ni a retí pé yóò wò jù.

Èkejì ni tíọ́rì ìdàgbàsókè òye. Nínú ìwé kan náà tí Mischel ti kọ̀wé ní ọdún 1966, èyí tí Eleanor Maccoby ṣe olóòtú rẹ̀, ni Lawrence Kohlberg ti sọ òdìkejì: ọmọ kò kọ́kọ́ ṣe kí ó tó mọ̀; ó kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó ṣe. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 2 sí 3, yóò mọ̀ pé ọkùnrin ni òun tàbí obìnrin. Lẹ́yìn èyí ni yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe dàgbà. Ó di nǹkan bí ọmọ ọdún 6 sí 7 kí ó tó dá a lójú pé aṣọ tàbí irun kò lè sọ ọkùnrin di obìnrin. Sandra Bem fi kún ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1981: bí ẹni pé àká méjì wà lọ́kàn ọmọ, àwùjọ ni ó kọ́ ọ láti kó gbogbo ohun tí ó bá rí sínú ọ̀kan tàbí èkejì, títí kan ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tọ ipasẹ̀ Sigmund Freud. Nancy Chodorow, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1978, sọ pé nítorí pé ìyá ni ó ń tọ́ ọmọ, ọ̀nà ọmọbìnrin àti ti ọmọkùnrin yà. Ọmọbìnrin di obìnrin nípa bíbá ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin ní láti ya ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá kí ó tó di ọkùnrin; ohun tí ó bá ti jẹ́ ti ìyá ni yóò kọ̀ sílẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí òun ni ọ̀já ìyá yóò dán wò nísàlẹ̀.

Ilé kí ó tó di ọjà

Kí ọmọ tó mọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀ ni àwùjọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń kó ọmọkùnrin jáde, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. A ó fún ọkùnrin ní oríkì bíi Àkànní tàbí Àjàní, a ó fún obìnrin ní Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ojú hàn jù ni ìkíni. Ọmọ tí kò tíì lè sọ ọ̀rọ̀ já gaara yóò rí i pé ọwọ́ àgbà wà lẹ́yìn òun, tí ó ń tẹ òun sílẹ̀ kí òun dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ kan náà ń fa arábìnrin rẹ̀ sílẹ̀ kí ó kúnlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dúró kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkùnrin ni òun. Ara ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ọkàn wá bá ara níbẹ̀. Lórí èyí, àwòkọ́ṣe pàápàá kò tó láti ṣàlàyé, nítorí ọmọ náà kò tíì wo ẹnikẹ́ni kí a tó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀. Èrò Kohlberg pé òye ló ń ṣáájú ìṣe sì nílò àtúnṣe ní irú ilé bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí ó da àká méjì Bem rú. Ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé kì í pe ọmọbìnrin kékeré tí ó bá nílé lórúkọ. Ó lè pè é ní ọkọ òun, nítorí pé ọmọ ilé ni ọmọ náà, ó sì ti wà nílé kí ìyàwó tó dé. Ọmọbìnrin yìí yóò kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n yóò ti di ọkọ fún obìnrin tí ó tó ìyá rẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé irú àpẹẹrẹ báyìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women ní ọdún 1997. Ó sọ pé ìpò àgbà àti èwe ni a fi ń to ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn amúnisìn tó dé, kì í ṣe akọ àti abo. Bibi Bakare-Yusuf, àti àwọn mìíràn, ta kò ó: pé èdè kò fi akọ tàbí abo hàn kò túmọ̀ sí pé ìṣe kò fi í hàn. Ilé tí a ń sọ yìí fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ọkọ gbe Oyěwùmí. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ gbe àwọn tí ó ta kò ó. Ọmọ ń kọ́ ètò méjì pọ̀ ní ìgbà kan náà, ohun tí a sì ń pè ní ọlọ́gbọ́n ọmọ ni èyí tí ó mọ ìgbà tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀já lára ọmọkùnrin

Kí a tó padà sí ọjà, ó yẹ kí a yanjú àṣìṣe kan. Àwọn òǹkàwé Judith Butler, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti ọdún 1990 sọ pé ìṣe tí à ń ṣe lóòrèkóòrè ni ó sọ wá di akọ tàbí abo, lè yára rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí eré tí ó ń da ààlà akọ àti abo rú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò dà bí Egúngún tí a kì í sọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ. Orí ère wà lókè orí onijó. Àwọn tí ó wà ní agbo mọ ọmọ ẹni tí ń jó, wọ́n lè pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n sì yìn ín. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ. Ohun tí ọmọ tí ó jókòó létí agbo ń rí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wọ ọmú, tí ó wọ gèlè, tí ó sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí Kohlberg sọ pé ọmọ ń kọ́ ní nǹkan bí ọdún 6 sí 7, pé aṣọ kò yí ènìyàn padà, ni àwùjọ yìí fi ìlù àti ijó kọ́ ọmọ ní gbangba.

Kí ni ọmọkùnrin náà wá ń ṣe nínú aṣọ yẹn? Iṣẹ́ Henry àti Margaret Drewal, tí ìwé wọn jáde ní ọdún 1983, àti ti Babatunde Lawal ní ọdún 1996, ti jẹ́ kí ó yé wa pé ìtùnú àti ìyìn ni ó ń gbé lọ fún àwọn ìyá wa, àwọn obìnrin tí ó ní agbára láti fúnni ní ọmọ àti láti gba ọmọ padà. Ohun tí ó kan ìdàgbàsókè ọmọ ni pé ara ohun tí a fi ń wọ onijó láṣọ ni gèlè àti ọ̀já tí a yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ọ̀já ni a fi pọ̀n ọ́n ní ìgbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́. Ọ̀já náà ni a tún fi dì í lára nígbà tí ó ń fi ara rẹ̀ han ìlú gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin tí ó tó jó.

Níbí ni Chodorow ti ní ìṣòro. Bí ó bá jẹ́ pé kíkọ ohun ìyá sílẹ̀ ni ó ń sọ ọmọ di ọkùnrin, ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ yọjú sí àwùjọ ọkùnrin ni ó yẹ kí ọ̀já jìnnà sí i jù lọ. Ní Yewa, ìgbà náà gan-an ni ó padà sínú ọ̀já. Kò padà síbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, kò sì padà síbẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ di obìnrin. Ó padà bí ajigbèsè tí ó mọ ẹni tí òun jẹ ní gbèsè. Ìyapa tí Chodorow sọ wà níbẹ̀ ní tòótọ́: ọmọ náà kò gbé lẹ́yìn ìyá mọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń jó. Ṣùgbọ́n ìyapa tí a fi ìdúpẹ́ ṣe ni, ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí a fi ń dúpẹ́ náà kò tíì di ọkùnrin tó ní ojú àwọn tí ń wò ó.

Tíọ́rì àwòkọ́ṣe náà ní láti yí díẹ̀. Ó tọ̀nà pé ìyìn àti ẹ̀rín ni ó ń tún ijó ọmọ ṣe láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yìí ń wo ènìyàn méjì: onijó ọkùnrin tí ó ṣáájú rẹ̀, àti obìnrin tí onijó náà ń ṣe àfarawé rẹ̀. Àwọn obìnrin sì wà nínú àwọn adájọ́ ijó rẹ̀. Wọn kò retí pé kí ó di bí àwọn. Wọ́n retí pé kí ó mọ̀ wọ́n dáadáa débi tí yóò fi lè gbé wọn sójú agbo láìtàbùkù wọn. Láti mọ ẹnìkejì ẹni dójú ìwọ̀n jẹ́ ara ohun tí ó ń sọni di ẹni. Èyí kò sí nínú tíọ́rì tí ó gbà pé ẹni tí ó bá jọ ọmọ nìkan ni ọmọ ń wò.

Ọmọbìnrin ńkọ́?

Bí a bá dúró níbí, a ó ti kọ ìwé ìyìn, a kò tíì ṣe lámèyítọ́. Arábìnrin ọmọ yìí wà létí agbo pẹ̀lú. Òun náà ń rí gèlè, ó ń rí ọ̀já, ó ń rí ọmú tí a fi igi gbẹ́. Kò ní gbé e. Ọkùnrin ni ó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohun tí ó ń kọ́ ni pé agbára irú tirẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlú fi ń jó fún un, àti pé ọkùnrin ni ó máa ń jó o. Ní ọjọ́ mìíràn nínú ọdún, tí Orò bá ń ké, a ó sọ fún un pé kí ó wọlé kí ó ti ilẹ̀kùn. Ìlú tí ó ń tu ìyá nínú náà ni ó ń sé obìnrin mọ́lé. Èrò pé ìpò àgbà nìkan ni ó ń to ènìyàn kò lè ṣàlàyé ilẹ̀kùn yẹn, nítorí pé ìyá àgbà náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin tí ó ti wọ awo sì wà níta.

Òtítọ́ ni pé ọ̀nà rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ojúbọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ni Ìyáláṣẹ̀, ẹni tí ó sábà máa ń jẹ́ àgbà obìnrin. Ọmọbìnrin, ìyàwó, ìyá ọmọ, ìyá àgbà: ohun tí ó ń jẹ́ obìnrin ń yí padà bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, agbára rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i ní ìgbẹ̀yìn. Tíọ́rì Kohlberg, tí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọ pé ọdún 7, kò bá obìnrin yìí débẹ̀. Bussey àti Bandura ni ó sún mọ́ ọn jù, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀kọ́ náà ń bá ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gùn tó báyìí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ní láti dúró pẹ́ kí wọ́n tó gba ohun tí a ti ń fi ijó ṣèlérí fún wọn láti kékeré.

Ẹ̀fẹ̀ òru fi ìṣòro yìí hàn ní ọ̀nà mìíràn. Ìbà ni Ẹlẹ́fẹ̀ yóò kọ́kọ́ jú, yóò gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn ìyá. Lẹ́yìn náà ni yóò fi orin bá àwọn aṣebi wí. Ọkùnrin tí kò bọ́ ọmọ rẹ̀ àti obìnrin tí kò tójú ilé rẹ̀ lè gbọ́ orin ara wọn ṣáájú ìdájí. Nínú èdè tíọ́rì àwòkọ́ṣe, ìbáwí tí a ń fún àgbàlagbà nìyí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni Ẹlẹ́fẹ̀. Àṣẹ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀rọ̀ wá láti ẹnu ọmọkùnrin rẹ̀. Nígbà tí àwa olùṣèwádìí bá da irú orin bẹ́ẹ̀ kọ, tí a sì pè é ní èrò Yorùbá nípa obìnrin, ó yẹ kí a rántí pé ohun tí ọkùnrin rò pé ìyá yóò fẹ́ gbọ́ ni a ní lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn tíọ́rì tí a yẹ̀ wò kò wúlò bí a bá lò wọ́n bí adájọ́. Bí a bá lò wọ́n bí ẹni tí a jọ jókòó sí agbo, wọ́n ràn wá lọ́wọ́ láti béèrè ohun tí a lè má béèrè: ta ni ọmọ ń wò, ta ni ń yìn ín, kí ni ara rẹ̀ mọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà fún wọn lésì. Ọmọkùnrin lè di ọkùnrin nípa gbígbé ohun ìyá rù, kì í ṣe nípa sísá fún un. Ọmọbìnrin lè gba ìyìn tí ó pọ̀ láìrí àyè láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ìyìn náà jẹ́ fún un.

Ọmọ Yewa òde òní kì í kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọjà nìkan mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Comprehensive ti wà ní Ayétòrò láti ọdún 1963, Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀ sì ti wà ní Ìlaròó láti ọdún 1979. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti fóònù ọwọ́ ń sọ ohun tiwọn nípa ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn òbí kan kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rárá. Nítorí náà, ìwádìí tí ó yẹ ní kíákíá kò sí lọ́wọ́ tíọ́rì tuntun. Ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ jókòó ti àwọn obìnrin tí wọ́n yá onijó ní ọ̀já, tí yóò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí nígbà tí aṣọ tí wọ́n fi pọnmọ bá wọ agbo lára ọmọkùnrin wọn, ohun tí wọ́n sì sọ fún ọmọbìnrin wọn nígbà tí ọmọ náà béèrè ìdí tí kì í fi í ṣe òun ni wọ́n dì í mọ́ lára.